Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Láti Ìlú Adúrómámì

Ẹ̀yin ọmọ Kúforíjì, ẹ gbé àga fún mi. Kì í ṣe èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì yẹn o! Ẹ gbé èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wá, nítorí ọ̀rọ̀ ìdúró ni mo fẹ́ sọ lónìí, ẹni tí yóò bá sì sọ ọ́ gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa. Ó ṣeun. Ẹ fún àwọn ọmọdé ní ẹ̀pà kí ẹnu wọn má ráyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọjú láti ìloro, ẹ wọlé, èmi Ọdẹ́níran kì í pariwo fún ẹni tó bá dúró síta.

Láti àárọ̀ ni mo ti wà lábẹ́ igi ọdán yín tí mo ń gbọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń yin bàbá yín. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ tó kú, wọn ò tíì yìn ín tán. Wọ́n ní òun ló mọ igbó jù. Wọ́n ní òun ló gba Adétóró ìyá yín sílẹ̀ lọ́wọ́ iwin. Wọ́n tilẹ̀ ní ohùn rẹ̀ dùn! Ẹ jọ̀wọ́, ta ló gbọ́ kí Kúforíjì kọrin rí tí kò rò pé ewúrẹ́ ló já okùn? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Owú ló ń jẹ mí, n ò ní purọ́ fún yín. Láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti ń fi kànnàkànnà lé ọ̀kẹ́rẹ́ kiri ló ti ń jẹ mí, ikú rẹ̀ kò sì dá a dúró. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sin, mo wo pósí rẹ̀, mo rí i pé ó dára, mo sì jowú pósí.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, Ọdẹ́níran ọmọ Akínfẹ́nwá, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín àárọ̀ sí ìyálẹ̀ta, tí mo jẹ iyán kí n tó lọ gbé wọn wálé! Ẹkùn a máa gbọ́ ikọ́ mi, a sì máa yà lọ́nà fún mi. Bí wọ́n bá ní kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ nípa Kúforíjì, ṣé kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó fi àádọ́ta ọdún bá a díje? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ní ayé Ọba Adélúmọ̀ ti ìlú wa Ìmẹ̀sùn ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ di géńdé. Ọba bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, òun náà ni ìyá yín tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn pẹ̀lú aṣọ dúdú. Lọ́jọ́ kan, iwin kan tí wọ́n ń pè ní Olókè-Ìkùukùu wọ ọjà wa. Ó ga ju òrùlé lọ. Ó rí ọmọ ọba, ó fi ọwọ́ kan gbé e, ó fi ọwọ́ kejì mú obì jẹ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó dé orí odi ìlú, ó yíjú padà, ó ní:

"Ọba Adélúmọ̀, èmi kì í ṣe olè. Orí òkè mi tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni ọmọ rẹ yóò wà fún oṣù mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn tó wọ̀, yóò jáde sẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Bí ilé mi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá fẹ́ padà wálé, yóò juwọ́. Bí ẹ bá ti rí i tó ń juwọ́, ẹ wá mú un, ọ̀nà á ṣí fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá nígbà tí kò juwọ́, gbogbo yín á di òkúta lójú ọ̀nà. Bí oṣù mẹ́ta bá sì pé tí ẹnikẹ́ni kò wá, ọ̀nà dí nìyẹn títí ayé."

Òkè náà jìnnà. Ojú lásán kò lè rí ilé tó wà lórí rẹ̀, ká má tíì sọ ti ọwọ́ ènìyàn. Ibẹ̀ ni Kúforíjì ti rí àyè yọjú. Lọ́dún tó ṣáájú, ó lọ sétí òkun, ó fi eyín erin méjì gba awò gígùn kan lọ́wọ́ àwọn atukọ̀. Ènìyàn á fi ojú kan wo inú rẹ̀, ohun tó wà lọ́nà jíjìn á sì sún mọ́ ọn bí ẹni pé àgbàlá ló wà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn ará ìlú a tò sí agboolé rẹ̀ láti wo òṣùpá tuntun. Àwẹ̀ró ìyàwó mi náà lọ. Ó dé, ó ní, "Ọkọ mi, ara òṣùpá kò dán o, ó ní kòtò bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà! Kúforíjì ló fi hàn mí." Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ṣé èmi ò lójú tó lè wò ni?

Ohun kan ṣoṣo ló ń tù mí nínú. Awò náà ń mì. Ọparun gíga tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ni Kúforíjì fi okùn dì pọ̀ tó gbé e lé lórí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, òṣùpá a bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kan awò láti tún un ṣe, òṣùpá a fò lọ, wọn a tún máa wá a kiri ojú ọ̀run. Inú mi a dùn! Èmi náà a máa lọ síbẹ̀, mà á sì mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé awò yìí lọ sí ààfin láti fi wo ọmọ ọba. Ọba dúró, ó fi ojú sí i, ó kígbe, "Ó ń juwọ́!" Gbogbo wa hó yèè. Ó tún wò ó. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ilé náà ń juwọ́. Igi ẹ̀gbẹ́ ilé ń juwọ́. Òkè fúnra rẹ̀ ń juwọ́." Ta ni yóò wá fi ìyẹn gbéra lọ sójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń sọ ènìyàn di òkúta? Bí a ṣe ń wò ó lójoojúmọ́ nìyẹn, tí ohun gbogbo ń juwọ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá ọmọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọba gbẹ bí igi. Nígbà tí oṣù kan lọ, ó ní ẹni tó bá wá ẹsẹ̀ tí kì í mì fún awò yìí lòun yóò fi jẹ Olúọ́dẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú.

Mo ti fò dìde kó tó panu dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe nítorí ọmọ ọba. Mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ kiri Ìmẹ̀sùn pé ojú Kúforíjì kò wúlò fún nǹkan kan láìsí ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran.

Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo wọgbó. Ẹ má bi mí bí mo ṣe rìn, mo rìn ni. Igbó Agbọ̀nrìrì ni mo kọ́kọ́ bọ́ sí. Igi ibẹ̀ ń gbọ̀n, òkúta ibẹ̀ ń gbọ̀n, eyín ẹnu èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Iwin kan jáde sí mi, Ológójì-Ẹsẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ogójì ẹsẹ̀ ló sì ní. Inú mi dùn. Mo ní, "Ìwọ gan-an ni mo ń wá! Fún mi ní mẹ́ta níbẹ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹni tó ní ogójì ẹsẹ̀ kò lè dúró.

Ó ní, "Ọdẹ, inú wọn kò dùn síra wọn ni. Bí ọ̀kan bá sinmi, àwọn tó kù á ní kí ló dé tó fi jẹ́ òun nìkan ló ń sinmi. Bí mo bá fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ẹsẹ̀ kan, mọ́kàndínlógójì á bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní irú ẹsẹ̀ aláìlóye wo nìyí, tí kò lè fara dà á kí ẹnìkejì rẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀! Ẹ̀yin obìnrin ẹ̀yìn yẹn, mo ń rí yín bí ẹ ṣe ń fi ìgúnpá gún ara yín. Ẹ̀yin ti rí i. Èmi ò rí i nígbà náà. Nígbà tó ní ebi ń pa òun, tó ń fojú wọn mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ mi, mo jù ú sí ẹsẹ̀ tó sún mọ́ mi jù. Àwọn yòókù gbé ìjà kò ó, eruku bo igbó, mo sì bá tèmi lọ.

Ìlú Adúrómámì ni mo dé lẹ́yìn náà. Ní ìlú yìí, wọn kì í kí àlejò àfi bó bá gbé igbá omi sórí tó sì dúró láìmira láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Mo gbé igbá rù. Ìjàlọ gba ẹsẹ̀ mi gòkè wọ inú ṣòkòtò. Ẹ má bi mí ibi tí wọ́n dé! Omi ń ṣàn lójú mi, ṣùgbọ́n omi orí mi kò dà. Ẹ mọ ohun tó gbé mi ró? Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé bó bá jẹ́ Kúforíjì ni, ì bá ti dà á.

Ìyá arúgbó kan ló ń ṣe olórí wọn, Ìyá Ṣinṣin ni wọ́n ń pè é. Ó ti gbọ́ ohun tí mo wá wá, ó jáde sí mi pẹ̀lú òkúta kan àti ẹsẹ̀ igi mẹ́ta. Wọ́n kúrú, wọ́n nípọn, irin ṣónṣó wà ní ìdí wọn. Ó ní, "Ọdẹ, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n má tíì sọ igbá yẹn kalẹ̀. Ẹ̀yin ará ayé fẹ́ràn gíga jù. Ẹ ó gbé awò sókè sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó wá máa bá atẹ́gùn jà. Gbé èyí sórí ilẹ̀ líle, má gbé e sórí pákó. Ya ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. So òkúta yìí sáàárín wọn kó máa fà wọ́n mọ́lẹ̀. Bí o bá fọwọ́ kan awò tán, mú ọwọ́ rẹ kúrò, ka ení dé èje kí o tó wò ó. Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Kí ló ń gbọ̀n níbi tí atẹ́gùn kò fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì tì í?"

Mo ní, "Ewé ni, Ìyá."

Ó ní, "Rárá."

Mo ní, "Ojo tó rí ẹkùn ni."

Ó ní, "Ẹkùn ti tì í nìyẹn."

Mo ń ronú lọ́wọ́ nígbà tí odídẹrẹ́ kan bà sórí òrùlé, ó ń ké pé, "Ìròyìn Ìmẹ̀sùn! Ìròyìn Ìmẹ̀sùn! Ọba ti fún Kúforíjì ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀!" Àga! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba! Gbogbo ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Igbá tí ìjàlọ kò lè dà láti àárọ̀ jábọ́ lórí mi, ó fọ́ yángá. Ìyá Ṣinṣin wo igbá, ó wò mí, ó ní, "Ọdẹ, ìdáhùn ti fẹ́ dé ẹnu rẹ." Èmi ò dúró gbọ́ mọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta léjìká, mo gbé òkúta kọ́rùn, ó di Ìmẹ̀sùn.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta péré ló kù kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí mo dé. Èmi àti Kúforíjì gbé awò lé ẹsẹ̀ tuntun náà ní àgbàlá ààfin lọ́sàn-án, àwa méjì péré. Mo mú ọwọ́ kúrò, mo ka ení dé èje, mo wò ó. Mo rí ẹyẹ kan lórí igi òkè náà, mo rí ẹnu rẹ̀. Ó dúró gbagidi. Kúforíjì náà wò ó, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ọdẹ́níran, o ṣe é! O mà ṣe é o!" Mo wá owú kiri ojú rẹ̀ títí, n kò rí i. Ìyẹn tún wá bí mi nínú.

Ọba jáde nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ àṣà ìgbà yẹn. Ní Ìmẹ̀sùn, bí ọba bá tẹrí ba fún ohunkóhun, orí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ga ju ti ọba. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí awò wà lórí ọparun gíga, ọba a máa dúró wò ó ni. Ẹsẹ̀ tèmi kúrú. Ọba tẹ̀ ba, gbì! Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin da àyà délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi wá ńkọ́? Mo fẹ́ kí ọba mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ tèmi ju ti Kúforíjì lọ. Ẹ̀gbẹ́ awò gan-an ni mo dúró sí. Mo kọ́kọ́ fò sókè, mo wá gbé ara mi sọlẹ̀, gbìrìmù!

Ọba kígbe pé, "Òkè ń fò!" Ó gbórí sókè, a dìde. Ó tún tẹ̀ ba, a tún da ara wa délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn fi wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo tún fò ga ju ti àná lọ, òkè náà sì tún fò. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní ọparun sàn ju ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran lọ. Mo délé, mo sọ fún Àwẹ̀ró pé Kúforíjì ló fi nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Kúforíjì wá bá mi nílé. Kò jókòó.

Ó ní, "Ọdẹ́níran, mo ti rí i. Ẹsẹ̀ rẹ kò lábùkù. Àwa ni. Ìdọ̀bálẹ̀ wa ló ń mi ilẹ̀."

Mo ní, "Kí lo wá fẹ́ ká ṣe? Ká má kí ọba mọ́?"

Ó ní, "Ká ti wà nílẹ̀ kí Kábíyèsí tó jáde, ká má sì mira títí wọn ó fi wò ó tán. Mo ti bá gbogbo àwọn yòókù sọ ọ́. Ó ku ìwọ."

Ó ku èmi! Ẹ gbọ́ mi? Èmi tí mo gbé òkúta kọ́rùn la igbó já, èmi ni wọ́n wá sọ fún kẹ́yìn! Mo ní, "O fẹ́ kí gbogbo ìlú dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n lè sọ pé ìwọ lo ṣe é. Ẹsẹ̀ mi ni, Kúforíjì!"

Ó ní, "Kí wọ́n sọ ohun tó bá wù wọ́n. Ọmọ yẹn ń bẹ lórí òkè, òní ló parí." Ó sì jáde.

Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, n kò sọ ọ́ rí. Mo jókòó sílé mi, mo pinnu pé n kò ní dọ̀bálẹ̀ ṣáájú. Mo ní kí gbogbo wọn wà nílẹ̀. Bí ọba bá tẹ̀ ba, èmi nìkan ni n ó fò sókè, tí n ó sì balẹ̀, kí ọba gbọ́ tèmi nìkan. Mo mọ̀ pé awò á mì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo gbà á lọ́kàn mi pé kí ọ̀nà kúkú dí ju kí wọ́n máa yin Kúforíjì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Gbogbo àgbàlá dọ̀bálẹ̀ lọ bí ẹní, èmi nìkan ni mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò. Ọba jáde, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń lọ, kò ráyè mi. Kò sí atẹ́gùn rárá. Ó tún awò ṣe, ó mú ọwọ́ kúrò, ó tẹ̀ ba. Orúnkún mi ti tẹ̀ láti fò. Ni mo bá rí Kúforíjì. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé inú eruku, ó ń wò mí. Kò mirí, kò ṣẹ́jú, kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wo orúnkún mi. Mo wá rí i pé mò ń gbọ̀n láti òkè délẹ̀. Atẹ́gùn kò fẹ́, ẹnikẹ́ni kò tì mí. Ìbéèrè ìyá arúgbó yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Èmi ni. Èmi ni ìdáhùn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí!

Mo dúró. Bí mo ṣe dúró fún ìjàlọ ni mo ṣe dúró. Ọba ń kà á wúyẹ́wúyẹ́: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje." Ó ní, "Ilé dúró." Ó ní, "Igi dúró. Òkè dúró." Ó wá kígbe: "Ọwọ́ kan ń mì. Ọwọ́ ọmọ mi nìkan ló ń mì."

Ariwo ta. Gbogbo ọdẹ dìde, wọ́n forí lé ọ̀nà òkè. Èmi náà gbé ẹsẹ̀ kan, àwọn ẹmẹsẹ̀ ọba sì rá mi mú. Wọ́n ní mo gbé orí ga ju orí ọba lọ! Inú àhámọ́ ni mo wà nígbà tí Kúforíjì gbé ìyá yín sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Inú àhámọ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n fi í jẹ Olúọ́dẹ dípò èmi tí mo wá ẹsẹ̀ awò. Ìgbà tí ọdún máa fi yípo, wọ́n ti fi ìyá yín fún un. Ẹ̀yin náà kọ́ ni ẹ jókòó sílẹ̀ yìí?

Olúsànyà, ìwọ àkọ́bí rẹ̀, mo gbọ́ ohun tí o sọ yẹn. O ní ìtàn tí ẹ mọ̀ ni pé mo dúró kí ilẹ̀ má bàa mì, pé bàbá rẹ máa ń sọ pé èmi ni mo gbọ́n jù nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ fún ọba lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n fi tú mi sílẹ̀, tí wọ́n sì fún mi ní ẹṣin. Ó parọ́ nítorí mi. Ó rí orúnkún mi. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún àádọ́ta ọdún. Kò sọ ọ́ nígbà tó mu ẹmu yó. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo bú u lójú gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ pé kò tó ọdẹ. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu ẹran fún mi.

Ohun tí mo fi ń jowú rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe oyè rẹ̀, kì í sì í ṣe ohùn rẹ̀, Ọlọ́run ò ní jẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo rí orúnkún tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo Ìmẹ̀sùn ì bá ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ mọ̀ pé ìyá yín kò lè gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá èjìká. Oṣù mẹ́ta ló fi juwọ́, tó rò pé a ń rí òun, pé a kọ̀ láti wá ni. Ìrọ̀lẹ́ méjì níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀bi mi, mo sì fẹ́ fi títí ayé kún un. Adétóró, mo sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ yín kí èmi náà tó lọ bá ọkọ yín. Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn.

Ojú mi ti di bàìbàì, oòrùn sì ti ń lọ. Nǹkan kan ń mì lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Ẹ̀yin tí ojú yín ṣì mọ́lẹ̀, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé ìyá yín ló ń juwọ́ pé kí n máa bọ̀, àbí èmi ni mo tún ń gbọ̀n?